Nàgó Nínú Ilé Àgùdà: Orúkọ Mélòó Kan àti Ilé Tí Wọ́n Ń Gbé

Ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Gùn sì ń pè ní Hogbonu, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1870, irú èyí tí àwọn tó ti Bàhíà dé máa ń kọ́. Ní 1998, Urbain-Karim Elisio da Silva sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, orúkọ ẹbí rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é: Musée da Silva. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn ilé tí ẹbí kan fúnra rẹ̀ tọ́jú kí aráyé lè wá wò ó kò pọ̀ ní etíkun wa, òjò sì ti ń pa púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ilé yìí látọdún dé ọdún. Nítorí náà, kì í ṣe ilé náà ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ilé náà àti irú rẹ̀ ni, pàápàá jù lọ àwa tí a ń kọ̀wé ní yunifásítì. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn orúkọ tó so mọ́ àwọn ilé yìí mọ ohun tí àlàyé wa kì í sọ, ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ni ìtàn náà, Nàgó ni wọ́n kí wọ́n tó di ará Bràsíl.

Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ jù lédè Faransé ni "afro-brésilien". A ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí wàhálà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u. "Brésilien" tọ́ka sí orílẹ̀-èdè kan pàtó, tó ní ààlà, tó ní àsíá. "Afro" ńkọ́? Ilẹ̀ adúláwọ̀ lódindi ni wọ́n rọ́ sínú sílébù méjì yẹn. Bí ẹnì kan bá bi ọ́ ní ọ̀nà ilé bàbá rẹ, tí o sì dá a lóhùn pé Áfíríkà ni, ṣé o ti júwe ilé? Apá kan ọ̀rọ̀ náà ní àdírẹ́sì, apá kejì kò ní. Bẹ́ẹ̀ sì ni apá tí kò ní àdírẹ́sì yẹn gan-an ni tiwa, àwa ará Pobè, Sakété, Ifangni àti Kétu.

Ẹni tó ń sọ Yorùbá kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àgùdà ló ń sọ. Ní Igana, ní agbègbè Pobè níbi tí mo dàgbà sí, Àgùdà ni ẹni tó bá ń jẹ́ da Silva, de Souza, Paraïso tàbí d'Almeida, ì báà jẹ́ mọ́ṣáláṣí ló ń lọ, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan náà ti ya gba ọ̀nà mìíràn. Ìjọ Àgùdà níbẹ̀ ni ìjọ Kátólíìkì, ọmọ Èkìtì tí kò gbọ́ orúkọ Bàhíà rí láyé rẹ̀ sì lè jẹ́ Àgùdà paraku. Kò ṣòro láti rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní Èkó, irú àwọn méjì ló ti òkè òkun padà wá: àwọn Sàró, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tó ti Bràsíl dé. Lójú àwọn tó ń wò wọ́n, Kátólíìkì ni àmì tó ya àwọn ìkejì sọ́tọ̀, orúkọ ènìyàn sì di orúkọ ẹ̀sìn. Irú ìyípadà ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè.

Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé kò yí bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ìdí rẹ̀ wà lójú táyé: Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí pọ̀ ní Àjàṣẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ náà kò lè sọ ara rẹ̀ di ti Kátólíìkì nìkan. Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń wá àgbélébùú lórí rẹ̀. Ẹbí Paraïso, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí Mùsùlùmí tó lórúkọ jù níbẹ̀, orúkọ Pọtogí ni wọ́n ń jẹ́, Yorùbá sì ni baba ńlá wọn. Kódà, kí a tó wọnú ilé da Silva, kí a kan ka orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀: Urbain, orúkọ tí àwọn póòpù ti jẹ́, Karim, orúkọ Mùsùlùmí, da Silva, orúkọ Pọtogí. Ìwé ìtàn ni orúkọ yẹn jẹ́ fúnra rẹ̀. "Afro-brésilien" kò lè kà á. Àgùdà, bí a ṣe ń lò ó lọ́dọ̀ wa, kà á láìkọsẹ̀.

Èmi náà kò sọ pé Àgùdà kò ní ìṣòro tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni orírun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń fa ọ̀rọ̀ náà yọ láti ara Ajudá, orúkọ tí àwọn Pọtogí fún Ouidah, tó sì wà lára orúkọ odi wọn níbẹ̀, São João Baptista de Ajudá. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀-àyálò ṣe ń wọnú Yorùbá á kọ́kọ́ káwọ́ gbera ná. Yorùbá ní /j/ tirẹ̀, tó súnmọ́ ìró Pọtogí yẹn dáadáa. Kí ló dé tí yóò fi sọ ọ́ di /g/? Ẹ wo ohùn náà pẹ̀lú. Sílébù tí èdè Òyìnbó bá tẹnu mọ́ sábà máa ń gba ohùn òkè lọ́dọ̀ wa: tíṣà, pépà. Sílébù ìparí ni wọ́n tẹnu mọ́ nínú Ajudá. À bá máa retí ohùn òkè níbẹ̀, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ló tò tẹ̀ léra nínú Àgùdà. Bóyá ó gba inú èdè mìíràn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èdè yòówù kó jẹ́, yóò ní láti ṣàlàyé /g/ yẹn fún wa. Títí di ìgbà tí ẹnì kan yóò fi ṣe é, èrò ni ìtàn Ajudá, kì í ṣe ẹ̀rí. (Ẹ má jẹ́ kí n fa gbágùúdá wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ó ti ń wù yín.)

Ìṣòro kejì wúwo ju ti fonọ́lọ́jì lọ. Àgùdà ni ẹni tí wọ́n tà, Àgùdà sì ni ẹni tó tà á. Francisco Félix de Souza, Chacha àkọ́kọ́ ní Ouidah, tó kú ní 1849, òwò ẹrú ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà tó ra òmìnira ara rẹ̀ ní Salvador, tó wọkọ̀ padà wá. Milton Guran, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Àgùdà ilẹ̀ Benin, fi hàn bí àwọn tó ti jẹ́ ẹrú ṣe wọ inú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tó ti wà nílẹ̀: orúkọ Pọtogí, oúnjẹ, aṣọ, ọdún Bonfim, gbogbo wọn jọ di ti ará kan. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó láti Pobè tàbí Sakété. Àwọn tí wọ́n kó lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n gba etíkun kọjá, tí àwọn díẹ̀ nínú wọn sì padà, láti di ènìyàn láwùjọ tuntun yìí, wọ́n ní láti jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn tó ṣòwò wọn. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kí àyè ìjókòó yẹn tó yọ ni orúkọ ibi tí wọ́n ti mú wọn. Àwọn àga dídán, ibùsùn onírin àti fọ́tò àwọn bàbá onífìlà gíga tí a máa ń rí nínú irú àwọn ilé báyìí kò lè sọ fún wa èwo ni ti ọmọ ẹni tí wọ́n tà, èwo ni ti ọmọ ẹni tó tà. Ohun èlò kì í ní orílẹ̀.

Orúkọ ní. Ẹ jẹ́ ká mú méjì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, ní Salvador, àwọn ẹrú àti àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira dìde ogun sí àwọn aláṣẹ. Àwọn Mùsùlùmí ló ṣíwájú, orúkọ tí ìtàn Bràsíl sì fi ń pe ogun náà títí dòní ni ti Malê. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kankan kò nílò atúmọ̀ èdè níbí: Ìmàle ni. Lẹ́yìn ogun náà ni ìjọba Bàhíà lé ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ kúrò nílùú, tí àwọn mìíràn sì fúnra wọn wá ọkọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìpadàbọ̀ tó kún àwọn ilé Àjàṣẹ́ àti Èkó ṣe gbòòrò. Nínú èdè Pọtogí ilẹ̀ Bràsíl, nígbà náà, ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù ba olówó ẹrú, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni.

Èkejì ni Nagô. Orúkọ yìí ni wọ́n fi ń pe gbogbo ẹni tó ń sọ Yorùbá ní Bàhíà, ìbáà ṣe ará Ọ̀yọ́, ìbáà ṣe Ìjẹ̀ṣà tàbí Ẹ̀gbá. Robin Law, nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1997, tọpa rẹ̀: àwùjọ kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ló kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn tó ń sọ èdè Gbè tó fẹ orúkọ náà lójú, tí wọ́n sì tà á pẹ̀lú àwọn ènìyàn náà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn Ànàgó, àwọn ará ibí yìí, ni orúkọ wọn kọjá òkun tó di orúkọ orílẹ̀ kan. Ní ilé ìwé tí mo lọ ní kékeré, wọ́n kì í fẹ́ kí a sọ Nàgó nínú ọgbà, wọ́n ní èdè abúlé ni. Èdè abúlé náà ti wà nínú ìwé àwọn onídàájọ́ Salvador ní 1835.

Ẹ wá wo bí ilé ṣe ń jẹ́ orúkọ lódìkejì òkun. Ní Salvador, ilé òrìṣà kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Casa Branca. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ilê Axé Iyá Nassô Oká. Ìyá Nàsó jẹ́ oyè obìnrin tó ń bojú tó Ṣàngó aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ní 1984, ìjọba Bràsíl sọ ilé náà di ara ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà, ilé òrìṣà àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní Bràsíl, nígbà náà, ilé àwọn ọmọ Nàgó ń jẹ́ "Ilé", ó ń jẹ́ "Àṣẹ", ó ń jẹ́ oyè ààfin Ọ̀yọ́. Ní ilẹ̀ Nàgó fúnra rẹ̀ àti ní etí rẹ̀, ilé àwọn tó padà ń jẹ́ da Silva, ó ń jẹ́ Casa da Água. Kò sí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Ènìyàn máa ń fi orúkọ pa ohun tó wà lókèèrè mọ́. Ohun tó wà nítòsí kò dà bí ohun tó lè sọnù. Ibi tí mo ti rí ẹ̀bi ni bí olùwádìí bá dé Àjàṣẹ́, tó ka orúkọ Pọtogí lára ògiri, tó sì parí ìwádìí rẹ̀ síbẹ̀.

Mo dárúkọ Casa da Água, ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ó ti di ìwé. João Esan da Rocha jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré lọ sí Bàhíà. Ó padà sí Èkó ní nǹkan bí 1870. Ilé rẹ̀ ní òpópónà Kakawa di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nítorí kànga tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún aráàlú. Ẹ wo ibi tí Esan wà nínú orúkọ rẹ̀: láàárín João àti da Rocha, bí ẹni tó fara pamọ́ sáàárín èrò. Antonio Olinto, tó bá ilé iṣẹ́ aṣojú Bràsíl ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, gbé ìtàn-àròsọ kan ka orí ilé yìí, A Casa da Água, tó jáde ní 1969. Nínú ìwé náà, obìnrin ló gbẹ́ kànga: Mariana, tí wọ́n bí ní Bràsíl, tó sì bá ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ wá sí Èkó.

Ohun kan wà tí Olinto mọ̀ tí púpọ̀ nínú àwa onímọ̀ kò tíì fi sínú ọ̀rọ̀ wa. Ìrìn-àjò inú ìwé rẹ̀, ti ìyá àgbà ni. Òun ni wọ́n mú lọ, òun ló sì fẹ́ padà. Ní ti Mariana, kò padà síbì kankan. Ó kúrò nílé ni. A kì í sọ fún ọmọ tí kò dé ibì kan rí pé ó padà síbẹ̀. Yorùbá ya èyí sọ́tọ̀ láìṣe wàhálà: ìyá àgbà padà, ọmọ-ọmọ dé. Bákan náà ló rí nínú ẹbí da Rocha gan-an. Wọ́n bí Candido, ọmọ João Esan, ní Bàhíà ní 1860. Bàbá padà sí Èkó, ọmọ dé sí Èkó, ọkọ̀ kan náà. Faransé, bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú àwọn ìwé wa, da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú "retour" àti "retournés", ìgbà tí a bá sì da wọ́n pọ̀ báyẹn, ti ọmọ ló máa ń borí, nítorí ọmọ ló ní fọ́tò, òun ló kọ́ ilé tuntun, òun ló ránṣẹ́ ra àga. Bàbá tó padà ti kú kí kámẹ́rà tó pọ̀. Bí àlàyé ilé bá bẹ̀rẹ̀ láti Bàhíà, ìtàn ọmọ ni a ń sọ, a sì fi ti bàbá ṣe òǹkà àwọn ọdún òkùnkùn.

Mo ní láti tọ́ka sí ilé kan tí ọ̀ràn rẹ̀ yàtọ̀. Ní Àgbádárìgì, ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845 ṣì dúró, wọ́n sì so ìtàn rẹ̀ mọ́ ti Àjàyí Crowther àti Bíbélì èdè Yorùbá. Èdè wà lára ohun tí ènìyàn lọ ń wò níbẹ̀. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Àwọn Sàró fi ìwé sílẹ̀, ìwé sì rọrùn láti gbé sínú àpótí onígíláàsì. Àwọn Àgùdà kò fi ìwé gírámà sílẹ̀ fún wa. Ẹnu ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí. Ní Èkó, frejon ṣì ni oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Jésù mọ́gi, feijão ni ìyá rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ àti Ouidah, eré agọ̀ Bourian ṣì ń jáde. Burrinha, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré, ló fún un lórúkọ. Ní èdè Gùn àti Fọ̀n, chavi ni kọ́kọ́rọ́, láti ara chave, tavo sì ni tábìlì. Fún Yorùbá Nàìjíríà, tábìlì wá láti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó lọ sí ilé ìwé bíi tèmi ń sọ ti Faransé. Bí o bá mọ ohun tí ènìyàn fi ń pe tábìlì rẹ̀, o ti mọ ọkọ̀ òkun ta ló kọ́kọ́ gbé e dé.

Kí n má ṣe àsọdùn. Àwọn Pọtogí ti ń ṣòwò ní etíkun yìí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó padà láti Bàhíà, nítorí náà a kò lè sọ pé Àgùdà ló mú chavi wá. Ọ̀rọ̀-àyálò kì í gbé déètì dání. Ó sì ní ibi tí ó ti ń tan ni jẹ: ilé alájà tí àwọn bíríkìlà Bàhíà kọ́ yí Èkó ká, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Èkó ń pè é, ọ̀rọ̀ tó ti ara Gẹ̀ẹ́sì wá, kò sí ipa Pọtogí kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nìkan kọ ìtàn ilé yóò fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé gbogbo àwọn Àgùdà oníṣẹ́-ọwọ́ jáde nínú ìtàn. Ohun tí mò ń béèrè fún kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: kí a gba orúkọ inú ilé, oríkì bí ó bá wà, àdúrà, orúkọ oúnjẹ, orúkọ tí ìyá àgbà ń pe ọmọ nígbà tí àlejò kò sí níbẹ̀, kí a sì gbà wọ́n pẹ̀lú ohùn tó pé lórí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Nàgó Pobè tàbí Sakété lè gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíì yóò fò kọjá, ìyẹn bóyá ẹ̀ka-èdè wa ni oríkì kan gbé dání tàbí ti Ọ̀yọ́. Mo rí i pé ìwé àṣekágbá lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń da Faransé pọ̀ mọ́ èdè abínibí ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó ti tó.

Àkókò náà kò sì dúró. Ilojo Bar ní Èkó, ilé Àgùdà tó ti jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ilé tí wọ́n wó, fọ́tò rẹ̀ kù. Bí ìyá àgbà kan bá lọ pẹ̀lú orúkọ tó mọ̀, kò sí fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ẹ̀yà Faransé àpilẹ̀kọ yìí, tó wà nínú ìwé kan náà. Wọ́n gbà mí níyànjú láti fi "afro-brésilien" rọ́pò Àgùdà kí ó lè yé òǹkàwé. Mo fi Àgùdà àti Nàgó sílẹ̀ láìtúmọ̀. Níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn bí João Esan, mo kọ "revenus". Níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn bí Candido, mo kọ "venus".